Òrùka Idẹ Tí Mi Ò Dá Padà

Nọ́ọ̀sì náà kò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn mí rárá tí omijé fi bọ́ lójú mi. Òwú tó rì sínú sípíríìtì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nu apá mi. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló fẹ́ gbà, fún àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ó dá ọwọ́ dúró, ó wò mí lójú.

"Darling, mi ò tíì gún ẹ o."

Mo ní mo mọ̀. Ó bi mí bóyá abẹ́rẹ́ máa ń dẹ́rù bà mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé irọ́ yẹn ló kúrú jù nínú gbogbo ohun tí mo lè sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òórùn sípíríìtì yẹn ti gbé mi kúrò lórí àga, ó ti gbé mi padà sí yàrá kan ní àjà kejì búlọ́ọ̀kù wa àtijọ́ ní Peckham ní London, níbi tí bàbá àgbàlagbà kan ti máa ń fi òwú àti sípíríìtì nu irin tín-ín-rín lójoojúmọ́ kí ọkọ̀ rélùwéè wọn tó gbéra ní Ìkìrun.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí mò ń kọ èyí fún, mo mọ̀ pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo wá jókòó bí ìyá arúgbó, mo ní "nígbà tí mo wà lọ́mọdé". Ṣùgbọ́n ìtìjú máa ń tètè sọ èèyàn di àgbà. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn náà ti le jù. Màmá mi máa ń sọ pé bí ìwé pélébé inú páálí oògùn ni mo ṣe ń ṣàlàyé ọkàn mi, láti òkè dé ilẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ̀yìn Rye Lane ni búlọ́ọ̀kù wa wà. Káńsù ló ni ín, lífítì rẹ̀ sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Àwa wà ní àjà kẹrin, Bàbá Ràfíù wà ní àjà kejì. Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó káàkiri ilé wọn, sífíìtì rẹ̀ kì í sì í parí kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, nítorí náà ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo máa ń dúró sí bí mo bá ti dé láti iléèwé. Ìyàwó wọn ti kú. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Ràfíù fúnra rẹ̀ wà ní Manchester. Mùsùlùmí ni Bàbá, aláṣọ funfun ni àwa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí èmi àti màmá mi bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú sùtánà wa, Bàbá á ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n á yọ orí jáde.

"Ẹ bá mi gbàdúrà fún lífítì o."

"Bàbá, àdúrà ti sú Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ lífítì," màmá mi á dáhùn.

Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, akọ̀wé ni wọ́n ní tésàn rélùwéè ní Ìkìrun, kí wọ́n tó wá di ọ̀gá tésàn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé London, iṣẹ́ rélùwéè náà ni wọ́n wá, wọ́n sì rí i: ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń gbá inú ọkọ̀ ojú irin. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí bóyá wọ́n mọ ohunkóhun nípa bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Èmi ni mò ń bínú nítorí wọn ní báyìí, inú mi kò sì ní ẹ̀tọ́ láti bí, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Yàrá tí àwọn ọmọ wọn ń sùn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ rélùwéè tiwọn sí. Ẹ má rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Fún oṣù bíi mélòó kan, wọn ò kan ìṣó kan. Ẹ̀yìn bébà tí wọ́n fi ń lẹ ara ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ ya gbogbo ọ̀nà náà sí, a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. A máa ń kúnlẹ̀ sórí rẹ̀, a ó fi ìka rìn ín láti Ìkìrun gba Òkukù kọjá dé Ọ̀fà, wọ́n á máa bi mí léèrè: níbí yìí, ṣé ọkọ̀ máa lè yí? Ṣé ìtẹ̀ rẹ̀ ò le jù? Bí ọkọ̀ bá gùn ju báyìí lọ, ṣé ìrù rẹ̀ ò ní dí ìkóríta? Ìgbà tí ìka wa rìn ín títí tí kò ṣubú mọ́ ni wọ́n tó ra pákó, tí wọ́n fi kan tábìlì gígùn.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ilé ìtajà àlòkù kan ní Walworth ni wọ́n ti rí i, àwọn irin kan sì ti inú àpótí bàtà ẹnì kan ní ọjà East Street wá. Kànrìnkàn tí wọ́n pa láró ewé ni igbó. Ilẹ̀ ló fún wọn níṣòro, torí ilẹ̀ pupa ni wọ́n fẹ́, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó tó ń ta ilẹ̀ Ìkìrun. Wọ́n bu ata gígún sí i. Ó pupa, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sáré kọjá, èmi àti Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Wọ́n gbá ata dànù, wọ́n wá da èlùbọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n ní eruku ọyẹ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, èkúté ti jẹ ọ̀nà láti Ìkìrun dé Òkukù. Bíríkì tí a lọ̀ kúnná ló wá gbà wá.

Àwọn èèyàn kéékèèké tí wọ́n ń tà fún irú rélùwéè bẹ́ẹ̀, òyìnbó ni gbogbo wọn, tàwọn ti agboòrùn àti báàgì. Bàbá kùn wọ́n ní dúdú, wọ́n gé agboòrùn kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin, wọ́n fi ìdérí ìgò ọṣẹ kékeré ṣe igbá ọsàn lé wọn lórí. Ọkùnrin kan wà tí fìlà òyìnbó rẹ̀ kò ṣeé yọ, bí a ṣe fi ọ̀bẹ họ ọ́ tó. Bàbá ní kí a fi í sílẹ̀, ó ní láti jẹ́ ọ̀gá tó wá láti Lagos wá yẹ ìwé wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á tọ́ka sí ọkùnrin náà. "Ó rí ẹ o."

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti òrùka fún yín, torí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró.

Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín Ìkìrun àti Ọ̀fà, lọ́dọ̀ wa bíi ti ilé. Bí ọkọ̀ méjì bá gbéra ní ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n á pàdé. Nítorí náà òrùka kan wà fún ọ̀nà náà, òrùka idẹ tí wọ́n fi ń kọ́ kọ́tìnnì, tí Bàbá so awọ kékeré mọ́, tí wọ́n kọ "Ìkìrun–Ọ̀fà" sí. Ẹni tí òrùka bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè wọ ojú irin. Ìkìrun ni èmi máa ń wà, lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá á wà ní Ọ̀fà, nítòsí ilẹ̀kùn. Màá tẹ agogo kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọ̀fà ń gbọ́."

"Ṣé ọ̀nà ṣí, ọ̀gá?"

"Ọ̀nà ṣí. Máa bọ̀, dírẹ́bà."

Màá mú òrùka lórí ìṣó, màá kó o sí ọrùn ọwọ́, màá rọra yí bọ́tìnnì tó ń mú ọkọ̀ rìn. Bí ọkọ̀ bá ti dé, màá rìn yí tábìlì ká, màá kúnlẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì fi òrùka lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n á gbé e kọ́ sórí ìṣó Ọ̀fà, wọ́n á wá ṣí ìwé tésàn wọn. Ìwé náà ní àyè mẹ́ta: ìgbà tí òrùka jáde, ìgbà tó dé, àti àyè tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ìdí tí ọkọ̀ fi pẹ́. Mo máa ń pẹ́ gan-an. "Dírẹ́bà ń jẹ búrẹ́dì." "Dírẹ́bà ń sunkún lórí ìṣirò." "Ìrun Alaasari." Ìyẹn ìgbà tí Bàbá fúnra wọn dá ọkọ̀ dúró sí Òkukù láti lọ kírun, tí wọ́n sì ní àfi kí ó wọ̀wé, torí ìwé kì í ṣojúsàájú. Bírò ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé òrùka kọ́tìnnì mọ́kànlá mìíràn wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé bí òrùka bá sọnù, ṣé wọn ò kàn ní mú òmíràn ni?

Wọ́n wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. "Bí òrùka ò bá sí lórí ìṣó, ẹnì kan wà lọ́nà. O lè má rí i. O lè má gbúròó rẹ̀. Ó wà lọ́nà. Ọjọ́ tí o bá ṣe òrùka kejì, o ti rán ikú sí onítọ̀hún nìyẹn." Wọ́n ní àwọn ti débi tí ọkọ̀ méjì ti pàdé lórí irin kan rí. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò béèrè.

Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Ilé wa, Gẹ̀ẹ́sì ni màmá mi ń bá mi sọ, kí n má bàa pẹ́ lẹ́yìn ní kíláàsì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohun tí mo ṣe.

Ní ìparí ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní pírámárì, iléèwé wa ní ọjọ́ kan tí àwọn ará àdúgbò á wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí tíṣà béèrè ẹni tó mọ èèyàn tó lè wá, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gòkè. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo tún un sọ torí òun ló ń dùn mí jù: èmi ni mo pe Bàbá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi múra. Wọ́n ṣe pákó kéékèèké méjì tó ṣeé so pọ̀, Ìkìrun lórí ọ̀kan, Ọ̀fà lórí èkejì. Wọ́n kọ ìwé àkókò tuntun: ọkọ̀ á gbéra ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó lọ sí iléèwé, wọ́n mú òrùka lórí ìṣó, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti jáde. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i pé ọ̀gá tésàn, bó ti wù kó tóbi tó, kò lè rán ọkọ̀ lọ bí dírẹ́bà ò bá tíì dé. Mo fi sínú àpò yẹ̀rì mi. Lójú ọ̀nà, mo ń fọwọ́ kàn án ṣáá.

Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn náà ni Tami bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jẹun ọ̀sán. Támilọ́rẹ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe odindi rẹ̀, á ní òun ò mọ ẹni tí ẹ ń pè. Ó mọ ijó jó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sín àwọn ìyá wa jẹ bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí màmá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá dé kí aago méjì tó lù. Trólì ọjà ni wọ́n fi ti àwọn pákó náà gba Rye Lane kọjá. Wọ́n wọ kakí tí wọ́n ti lọ̀ títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró fúnra rẹ̀, wọ́n dé fìlà ọ̀gá tésàn, fèrè wà lọ́rùn wọn. Wọ́n nu irin pẹ̀lú sípíríìtì, wọ́n to àwọn olọ́sàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ó di aago mẹ́ta tí àwọn ọmọ ti pé jọ, wọ́n fọn fèrè, wọ́n gbé ohùn sókè ní Gẹ̀ẹ́sì tí Ọ̀fà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ní kí gbogbo èrò Òkukù àti Ọ̀fà máa wọlé.

Ẹ̀rín bú jáde. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú, mo rò bẹ́ẹ̀ ní báyìí. Bóyá inú àwọn ọmọ kàn dùn ni. Ṣùgbọ́n Tami fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Ta ni freshie, ará oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí? Yéè, wo fìlà ẹ̀!"

Mo fi ọwọ́ bo àpò yẹ̀rì mi.

"Ó ń wo ibí o. Ìwọ ló ń wò. Ṣé grandad ẹ ni?"

"Rárá o," ni mo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń gbé búlọ́ọ̀kù wa ni."

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní ọ̀wọ̀ àgbà nínú, ṣùgbọ́n nínú orí mi lọ́hùn-ún, mo gbọ́ bí mo ṣe pe Bàbá ní "ó".

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín èmi àti tábìlì wọn. Wọ́n gbọ́. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ohun tó rọrùn jù fún wọn ni kí wọ́n na ìka sí mi, kí wọ́n ní dírẹ́bà mi rèé. Wọn ò pè mí. Wọ́n rọra gbé ojú kúrò lára mi, bí ẹni tó ṣèèṣì wo inú ilé onílé láti ojú fèrèsé tó sì fẹ́ bá onílé bo àṣírí.

Ọmọkùnrin kan ní, "Ṣé kì í rìn ni?"

"Ó ń rìn dáadáa," ni Bàbá wí.

"Ẹ wà á ká rí i nígbà náà!"

"Òrùka ò sí lọ́wọ́ mi, ọ̀gá mi. Dírẹ́bà ni mò ń retí."

Tíṣà wá, ó ní kí wọ́n kúkú yí bọ́tìnnì, kí àwọn ọmọ lè rí i kí wọ́n tó lọ sílé. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni dírẹ́bà àwọn, kò ní ṣàdéédéé pẹ́, nǹkan ló dá a dúró lọ́nà.

Mo sá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo di òrùka náà mú débi pé àmì rẹ̀ yọ roboto sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ń sọ fún ara mi pé màá jáde tí mo bá ka ọgọ́rùn-ún, mo ka ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Nígbà tí mo wá yọjú láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń to àga lé ara wọn. Àwọn ọmọ ti lọ sídìí àkàrà òyìnbó. Bàbá ṣì dúró ti ọkọ̀ náà, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, fìlà wọn wà lórí, wọ́n ń wo aago. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní Ìkìrun.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ fún màmá mi pé mo ti dàgbà, kí ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

"Kí ni Bàbá ṣe fún ẹ? Ṣé wọ́n bá ẹ wí ni?"

Mo dákẹ́. Mo fi ìdákẹ́ yẹn sílẹ̀ kó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó lè rò pé wọ́n bá mi wí lóòótọ́. Nínú gbogbo rẹ̀, bóyá ìyẹn ló burú jù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí di òní tí mò ń kọ ọ́.

Bàbá ò sọ fún màmá mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, màmá mi gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ó padà wá pẹ̀lú ojú tó ń ro nǹkan. "Bàbá ò wa ọkọ̀ wọn mọ́ o. Mo ní ṣé ó bàjẹ́ ni, wọ́n ní kò bàjẹ́. Wọ́n ní ẹnì kan wà lọ́nà." Ó mi orí. "Ọjọ́ ogbó nìyẹn."

Òrùka mọ́kànlá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo wá ń gbàdúrà fún lífítì, kí n má bàa pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn. Bí a bá sì pàdé, wọ́n á ní, "Ṣé dáadáa ni?" màá ní dáadáa ni, wọ́n á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń fún èèyàn láyè, wọ́n á sì máa lọ. Wọn ò béèrè òrùka rí. Bí wọ́n bá ti béèrè, mo rò pé ǹ bá ti dá a padà. Ẹ wò ó, mo tún fẹ́ di ẹ̀bi rù wọ́n.

Káńsù fún wa ní ilé mìíràn ní Walworth. Èmi àti Tami ò ṣọ̀rẹ́ kọjá ìsinmi ọdún yẹn. Mo lọ sí yunifásítì, mo sọ kọ́kọ́rọ́ nù, mo sọ fóònù nù lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ káàdì bọ́ọ̀sì nù débi pé awakọ̀ kan mọ ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kí n tó la ẹnu. Òrùka yẹn ò sọnù. Lọ́jọ́ kan mo dúró létí omi ní Burgess Park láti jù ú sínú rẹ̀, mo wá rò ó pé bí mo bá jù ú, ọ̀nà yẹn ò ní ṣí mọ́ láéláé. Mo dá a padà sínú àpò.

Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, òwú ṣì wà ní apá mi, mo pe màmá mi.

"Mummy, níbo ni Bàbá Ràfíù wà báyìí?"

"Ìwọ! Ìwọ ló ń béèrè Bàbá? Wọ́n wà ní Brockley, ilé àwọn àgbàlagbà. Orúnkún ni. Mo máa ń yọjú sí wọn bí sífíìtì mi bá gba ọ̀nà ibẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé dírẹ́bà àwọn ńkọ́, ṣé ó ti dé. Mo ní o ṣì wà ní yunifásítì. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Mummy."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú bọ́ọ̀sì, mo ka àforíjì tí mo ti kọ sórí fóònù títí mo fi dé Brockley. Ó gùn. Ó ní ibi tí mo ti ṣàlàyé bí ọkàn ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bàbá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti rù, kakí yẹn ì bá gba irú wọn méjì. Lórí pẹpẹ tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, pákó méjì péré ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo rélùwéè náà, àwọn méjì tó lọ sí iléèwé wa. Eruku bo ojú irin. Àwọn olọ́sàn ṣì dúró. Ọkọ̀ ṣì wà ní Ìkìrun.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Bàbá."

"Ta nìyẹn?"

Gbogbo àforíjì mi fò lọ. Mo mú òrùka jáde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò yí i ká, wọ́n fi wá awọ rẹ̀, wọ́n rí i.

"Ìwé wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Gbé e wá."

Inú ọ̀rá ni wọ́n wé e sí. Mo ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n kọ kẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, àti ìgbà tí òrùka jáde. Àyè méjì tó kù ṣófo. Gbogbo ojú ewé tó tẹ̀ lé e ṣófo.

Wọ́n ṣí bírò. "Kí ló dá ẹ dúró, dírẹ́bà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọmọdé ni mo jẹ́ nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, mi ò sì mọ bí..."

"Mi ò bi ẹ́ ní ìtàn. Ibi tí mo máa kọ ọ́ sí ò fẹ̀."

Mo wo àyè tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Lóòótọ́, kò fẹ̀.

"Ojú tì mí," ni mo wí. "Ojú tì mí pé kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ni yín."

Wọ́n kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gún régé: "Ojú tì í." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó wọ àyè náà láìkù síbì kan. Mo rò pé wọ́n á kọ ìgbà tí òrùka dé tẹ̀ lé e. Òrùka náà ni wọ́n nà sí mi.

"Gbà. Ìwé ò lè sọ pé o dé nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní Ìkìrun. Sípíríìtì wà lábẹ́ síǹkì."

Mo nu irin láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Òwú márùn-ún ló dúdú. Òórùn náà kún yàrá, ojú mi ń ṣomi, Bàbá sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Agogo kẹ̀kẹ́ ti dípẹtà, ó dún bí ikọ́.

"Ọ̀fà ń gbọ́."

"Ṣé ọ̀nà ṣí, ọ̀gá?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọ̀nà ṣí. Máa bọ̀, dírẹ́bà."

Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kọ̀. Ó gbọ̀n, ó dúró, mo fi ìka tì í díẹ̀, ó tún gbọ̀n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olọ́sàn, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá onífìlà tó wá láti Lagos. Bí ó ṣe dé Ọ̀fà, Bàbá wo aago ara ògiri, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń lọ báyìí. Bọ́ọ̀sì mi máa ń gba Elephant and Castle kọjá, ibẹ̀ ti di ilé gogoro tí mi ò mọ̀. Búlọ́ọ̀kù wa àtijọ́ náà, wọ́n ti fi pátákó yí i ká, mo gbọ́ pé lífítì máa ṣiṣẹ́ nínú èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, Bàbá á fi orúkọ ọmọ wọn obìnrin pè mí. Wọn ò gbàgbé òrùka rí, bí mi ò bá kúnlẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́, wọn ò ní kọ̀wé.

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rò pé ojú ò ní tì mí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó ṣì ń tì mí. Ó ń tì mí bí wọ́n ṣe gbà mí padà wẹ́rẹ́, láìbú mi, láìjẹ́ kí n ka àforíjì mi tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi wọ́n bóyá a lè fi bírò pa ohun tí wọ́n kọ sí àyè tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn rẹ́, tàbí kí a kọ ohun mìíràn síbẹ̀, bíi pé ìrun ló dá ọkọ̀ dúró.

Bàbá gbé awò ojú wọn sókè, wọ́n fa ìwé náà mọ́ra, wọ́n sì fi ìka tẹ àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n lè kà á sókè. Mo kà á: "Ó dé. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin."